Ilé àtijọ́ lápá Ìkijà, ògiri ẹ̀yìn ń rin: kí ni ká yẹ̀ wò ká tó sanwó?

Tíṣà_Ọbáńtokò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá, pàápàá ẹ̀yin oníṣẹ́ ilé tó wà láàárín wa. Ilé ni mo fẹ́ rà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, lápá Ìkijà ní Abẹ́òkúta, níbi tí ilẹ̀ ti ń gun òkè lọ sí Olúmọ. Bàbá bàbá àwọn tó ń tà á ló kọ́ ọ. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ó nípọn débi pé èèyàn lè jókòó dáadáa sójú fèrèsé. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ nínú àti níta. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ wà láàárín, yàrá wà lọ́tùn-ún lósì. Iye tí wọ́n pè é kò kọjá agbára mi, mi ò sì fẹ́ kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun gbogbo ilé náà ni. Síbẹ̀, bí mo ṣe wọ yàrá méjì tó wà lẹ́yìn nísàlẹ̀, òórùn ibi tí wọ́n tì pa fún ìgbà pípẹ́ ló kọ́kọ́ pàdé mi. Nínú ọ̀kan, ọ̀dà tuntun yẹn ti wú láti ilẹ̀ títí dé orókún mi, tí mo bá fọwọ́ rà á, eruku funfun ń dà sílẹ̀. Nínú èkejì, wọ́n lẹ táìsì mọ́ ògiri dé ìdajì, bẹ́ẹ̀ yàrá tí wọ́n ń sùn ni, kì í ṣe bàlùwẹ̀. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àpá omi kan wà lára àjà ní kọ̀rọ̀ iwájú. Ajẹ́ńtì ní òtútù òjò lásán ni, pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, gbogbo rẹ̀ á gbẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ohun tó ṣeé tún ṣe ni, àbí ohun tó máa jẹ gbogbo owó mi?

Bíríkìlà_Àgbà

Tíṣà wa, ẹ kú ìrònú. Ẹ má tíì bá wọn ná owó o. Omi kì í ṣàdédé wà nínú ògiri, ọ̀nà ló gbà wọlé. Ọ̀nà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Títí ẹ ó fi rí i, kò sẹ́ni tó lè sọ fún yín bóyá iṣẹ́ kékeré ni tàbí iṣẹ́ ńlá, kódà èmi tí mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí.

Ó lè ti ilẹ̀ gòkè. Amọ̀ ń fa omi bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì, àwọn bàbá wa kò sì tẹ́ ọ̀rá tàbí DPC (ohun tí kì í jẹ́ kí omi ilẹ̀ gòkè) sábẹ́ ògiri nígbà tí wọ́n ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n omi tó bá ti ilẹ̀ gòkè kì í sábà kọjá mítà kan sí mítà kan ààbọ̀. Ó tún lè ti òrùlé sọ̀ kalẹ̀. Ó lè jẹ́ páìpù inú ilé. Èyí tí àwọn èèyàn kì í rò, tó sì jẹ́ pé òun ni mò ń bá pàdé jù nílùú wa, ni èyí tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Ẹ wò ó, orí àpáta ni Abẹ́òkúta jókòó lé. Lápá Ìkijà, Aké, Ìjẹmọ̀, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí ọkọ́ bá ń dún lára òkúta. Bí òjò bá rọ̀, omi á wọ inú erùpẹ̀, á kan àpáta, kò ní ríbi wọ̀ mọ́. Á wá máa yọ́ rìn lórí àpáta náà lábẹ́ erùpẹ̀, á máa lọ sí ìsàlẹ̀ òkè. Ilé tó bá dúró sójú ọ̀nà rẹ̀, ògiri ẹ̀yìn ilé náà ló máa gbà á. Òjò lè ti dá tipẹ́, omi náà ṣì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi yàrá sílẹ̀ ná, ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ṣé ilẹ̀ ẹ̀yìn ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ? Àgbàrá ti ń kó erùpẹ̀ bọ̀ láti òkè láti ayébáyé, ẹ̀yìn ilé ló sì ń kó o jọ sí. Mo ti dé ilé tí erùpẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú fèrèsé, tí wọ́n sì ń kun yàrá ẹ̀yìn lọ́dọọdún, tí wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló ń ṣe é. Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ padà wá sọ fún wa.

Ọmọ_Àdìgbẹ́_ní_Leeds

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Níhìn-ín ní England, bí ògiri bá ń fa omi báyìí, àwọn iléeṣẹ́ máa ń lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri, wọ́n á fa kẹ́míkà sínú rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí omi gòkè mọ́. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n ń fi ṣe é. Ṣé kò sí ẹni tó ń ṣe irú ẹ̀ nílé ni?

Ẹnjiníà_Kútọ̀

Àbúrò, wọ́n ń ṣe é, àmọ́ ẹ jẹ́ kí Tíṣà ṣọ́ra fún un. Bíríkì tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tàbí ẹfun (lime) tò léra ni wọ́n ṣe kẹ́míkà yẹn fún, àárín ìlà tó pa bíríkì pọ̀ ni wọ́n ń lu ihò sí. Ògiri amọ̀ kò ní ìlà bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, tí omi bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí Bàbá Bíríkìlà ti ṣàlàyé, òkè ibi tí ẹ lu ihò sí ló ṣì máa gbà wọlé. Kódà níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín, àwọn onímọ̀ ilé àtijọ́ ti ń kígbe tipẹ́ pé ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ń lu ihò sí kò nílò rẹ̀. Gọ́tà tó ya ni, tàbí ilẹ̀ ìta tó ga jù.

Tíṣà, àyẹ̀wò tí ẹ lè fúnra yín ṣe nìyí, tí onílé bá gbà. Ẹ mú ọ̀rá tó mọ́ gaara, kó fẹ̀ tó ìwé ìròyìn tí a ṣí sílẹ̀. Ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri kí afẹ́fẹ́ má bàa wọbẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Tí omi bá sẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rá, inú ògiri ló ti ń bọ̀. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀rá ló tutù tí abẹ́ rẹ̀ gbẹ, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ní omi, fèrèsé ni kí ẹ ṣí. Ẹ lẹ òmíràn mọ́ ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi oríkèé ìka lu ògiri káàkiri. Ibi tí pílásítà ti lẹ̀ mọ́ amọ̀ máa ń dún kó-kó. Ibi tó ti ṣí kúrò lára rẹ̀ máa ń dún gbọ̀n-gbọ̀n, ihò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo ibi tó dún bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá sún sẹ́yìn wo bí àmì náà ṣe tò.

Ẹ̀rọ kan tún wà tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rinrin, abẹ́rẹ́ méjì ló ní lẹ́nu. Ó dára, ṣùgbọ́n igi ni wọ́n ṣe òǹkà rẹ̀ fún. Ìwọ̀nba iná tó ń gba àárín abẹ́rẹ́ méjèèjì ló ń wọ̀n, iyọ̀ inú ògiri sì ń jẹ́ kí iná kọjá dáadáa, ògiri lè gbẹ tán kí ẹ̀rọ ṣì máa pariwo. Ẹ má gba nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wọn yàrá iwájú tó dára, kí ẹ fi wé tẹ̀yìn. Kí ẹ sì máa wọ̀n láti ilẹ̀ lọ sókè. Bí nọ́ńbà bá ga nísàlẹ̀ tó ń já wálẹ̀ bí ẹ ti ń gòkè, omi ilẹ̀ ni. Bí ó bá ga bákan náà títí dé ibi tí erùpẹ̀ ìta dé, omi ẹ̀gbẹ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, ẹ wá páìpù.

Bíríkìlà_Àgbà

Ẹnjiníà, òótọ́ lẹ sọ. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un: àyẹ̀wò ọ̀rá nígbà ọyẹ́ kò já mọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ wa. Ní Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, ògiri tó burú jù pàápàá á máa fúnra rẹ̀ gbẹ lójú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ta ilé fi ń dúró de ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n tó kùn. Ti Tíṣà dára torí pé òjò ṣì ń rọ̀. Ẹ lọ wò ó ní àárọ̀ ọjọ́ kejì òjò ńlá, ẹ má pe ajẹ́ńtì ṣáájú kí wọ́n má bàa lọ ṣí fèrèsé sílẹ̀.

Táìsì tí wọ́n lẹ dé ìdajì nínú yàrá ìbùsùn, ẹ ti fúnra yín mọ̀ ọ́n. Ẹ wo òkè táìsì náà gan-an. Omi tí wọ́n dí ojú mọ́ kò ní lọ, ńṣe ló máa gòkè wá ibòmíràn jáde.

Plọ́ńbà_Ṣápọ́n

Ẹ tún béèrè ibi tí sókàwéè (kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ń lọ) wà, àti kànga. Nínú àwọn ilé àtijọ́ yẹn, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń kọ́ bàlùwẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé ṣáláńgá olómi wọnú ilé, wọ́n kàn gbẹ́ sókàwéè síbi tí àyè wà. Lórí àpáta, sókàwéè kì í fà dáadáa, omi rẹ̀ á kún, á sì wá ọ̀nà gba ara ògiri. Bí eruku funfun yẹn bá ní òórùn ìtọ̀ tàbí ti ìgbẹ́, sókàwéè ni kí ẹ fura sí.

Ti páìpù: bí wọ́n bá ní mítà omi, ẹ pa gbogbo ẹ̀rọ omi, kí ẹ wo mítà. Bó bá ṣì ń yí, ó ń jò níbìkan. Bí kò bá sí mítà, ẹ kún táńkì orí òpó dẹ́nu, ẹ sàmì sí i, ẹ má lo omi mọ́júmọ́, kí ẹ wá wò ó láàárọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Àsèrò

Ẹ ṣé gbogbo yín. Èmi kì í ṣe oníṣẹ́ ilé, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni mo fẹ́ sọ. Tíṣà, ṣé ẹ ní ọmọ kékeré? Yàrá tí a gbé tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ dúdú látòkè délẹ̀, ó ń bu bí oúnjẹ ṣe ń bu. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi ní ikọ́ fée, alaalẹ́ ni kì í lè mí dáadáa. Dókítà ló bi mí bí yàrá ṣe rí. A kó kúrò níbẹ̀, ara ọmọ náà fúyẹ́ lọ́nà tí gbogbo wa fi ojú rí. Mi ò sọ pé ògiri nìkan ló fà á o. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìlànà jáde ní 2009 lórí ilé tó ń rin àti ohun tó ń bu lára ògiri, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń ní ìṣòro èémí àti ikọ́ fée ju àwọn tó kù lọ.

Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín.

Ọmọ_Ìjàyè

Ẹ dárí jì mí, mo rò pé ẹ̀ ń da Tíṣà láàmú ni. Kí ló dé tí wọn ò kàn ra ilẹ̀ sí ìta ìlú kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun? Ilé amọ̀ ti dàgbà, omi ti wọ̀ ọ́. Kí ni èèyàn ń wá níbẹ̀?

Àrẹ̀mọ_Aké

Ọmọ Ìjàyè, inú ilé amọ̀ ni wọ́n bí mi, ibẹ̀ náà ni mo ń gbé báyìí pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ mi, ògiri rẹ̀ gbẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí.

Àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìpele ìpele ni wọ́n ń mọ amọ̀, wọ́n á mọ ọ̀kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Wọ́n na òrùlé jáde dáadáa kí òjò má bàa nà ògiri. Wọ́n ń rẹ́ ojú ògiri pẹ̀lú amọ̀ tó kúnná, wọ́n sì ń tún un rẹ́ lẹ́yìn òjò. Bí omi bá wọ irú ògiri bẹ́ẹ̀, ó lè jáde. Oòrùn á fà á, afẹ́fẹ́ á fà á, ó tán.

Sìmẹ́ńtì ló yí nǹkan padà. Nígbà tí owó dé, gbogbo èèyàn fẹ́ kí ilé bàbá wọn dà bí ilé olówó, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ amọ̀ nínú lóde. Ojú ilé dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì le, amọ̀ rọ̀, wọn kì í fẹ̀ bákan náà, wọn kì í sún kì bákan náà. Láìpẹ́, sìmẹ́ńtì á là. Omi òjò á gba ojú ìlà tín-ín-rín yẹn wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́, torí sìmẹ́ńtì tó kù ti dé e mọ́bẹ̀. Amọ̀ á wá máa rọ̀ lẹ́yìn pílásítà, tí ojú ìta ṣì dúró digbí. Gbọ̀n-gbọ̀n tí Ẹnjiníà ní ẹ máa gbọ́ yẹn, ohun tó ń sọ nìyẹn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ṣí pílásítà kúrò tí amọ̀ dà jáde bí erùpẹ̀ tútù, ògiri tí wọ́n rò pé ó nípọn ti di ìdajì.

Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ béèrè bóyá ògiri ń rin. Ẹ béèrè bóyá amọ̀ inú rẹ̀ ṣì le. Ẹ bẹ onílé kó jẹ́ kí ẹ ṣí pílásítà ibì kan péré, ní yàrá ẹ̀yìn, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Ẹ fi ṣúkúdiráfà gún un. Bó bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ ní ilé lọ́wọ́. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́, ẹ bi í pé èló ni wọ́n máa yọ.

Ti búlọ́ọ̀kù ìta ìlú: búlọ́ọ̀kù tí wọn ò fi DPC sí, tàbí tí jámánì fúlọ̀ rẹ̀ (kọ́ńkéré tí wọ́n dà sílẹ̀ ilé) kò ga, ń fa omi bí amọ̀ ni. Àwọn ilé tí omi gbà nínú ìkún omi Oṣù Keje 2018, ṣé ilé amọ̀ nìkan ni? Ẹni tó ń ra ilé nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò Sókorí ní ìbéèrè tirẹ̀ láti béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò: ibo ni omi dé lára ògiri lọ́dún yẹn?

Ọmọ_Ìjàyè

Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n, ó yé mi. Mi ò mọ̀ pé sìmẹ́ńtì lè ba amọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé wa ní Ìjàyè náà ti là níwájú, màá lọ lù ú wò.

Tíṣà_Ọbáńtokò

Ẹ kú àdúrótì gbogbo yín. Òjò ńlá rọ̀, mo sì lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì bí Bàbá ti wí. Ohun tí mo rí nìyí.

Ẹ̀yìnkùlé: ilẹ̀ ibẹ̀ ga ju ilẹ̀ yàrá lọ. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n láti ojú fèrèsé níta àti nínú, ìyàtọ̀ rẹ̀ ju ìwọ̀n orókún lọ díẹ̀. Lẹ́yìn erùpẹ̀ yẹn, àpáta lásán ló gòkè lọ. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò ti dá láti òru. Kò sí gọ́tà kankan, orí erùpẹ̀ tó fara ti ògiri ni gbogbo rẹ̀ ń dà sí. Wọ́n tún kó àwókù búlọ́ọ̀kù àti ìdọ̀tí jọ síbẹ̀.

Ọ̀rá tí mo lẹ: abẹ́ rẹ̀ rin gbingbin ní yàrá ẹ̀yìn méjèèjì. Ti ilẹ̀ yàrá kò rin púpọ̀. Ti yàrá iwájú gbẹ pátápátá, abẹ́ àti ojú.

Mo lu ògiri. Ìlà gbọ̀n-gbọ̀n náà tò gbọọrọ lára ògiri ẹ̀yìn, ó sì dúró síbi tí ilẹ̀ ìta dé, ó fi díẹ̀ kọjá rẹ̀. Ògiri tó pín yàrá méjèèjì níyà ń dún kó-kó, àfi ibi tó ti kan ògiri ẹ̀yìn.

Onílé jẹ́ kí n ṣí ibì kan. Ṣúkúdiráfà wọlé ní ìwọ̀n ìka kan, ó wá dúró. Sókàwéè wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ilé, ó jìnnà. Àpá omi òkè: páànù kan ti jẹ ihò níbi tí òrùlé méjì ti pàdé, mo rí ìmọ́lẹ̀ láti inú àjà.

Bíríkìlà_Àgbà

Tíṣà, ẹ ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ajẹ́ńtì kò lè ṣe. Ó ti hàn kedere báyìí. Omi ẹ̀gbẹ́ ni, láti ara àpáta àti erùpẹ̀ tó fara ti ògiri. Bó bá jẹ́ omi ilẹ̀ ni, ògiri àárín yẹn náà ì bá ti rin, torí orí ilẹ̀ kan náà ló dúró lé. Ìka kan tí irin wọlé yẹn, inú mi dùn sí i. Ògiri tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ ṣì ní agbára.

Bí iṣẹ́ náà ṣe máa tò nìyí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i padà. Ẹ kọ́kọ́ gba omi lójú ọ̀nà. Ní ìsàlẹ̀ àpáta, kí àgbàrá tó dé erùpẹ̀, ẹ ṣe gọ́tà kọ́ńkéré kó gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ kó erùpẹ̀ ẹ̀yìn kúrò títí yóò fi relẹ̀ ju ilẹ̀ yàrá lọ. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan o! Ògiri tó ti fara ti erùpẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí amọ̀ rẹ̀ sì tutù, lè rọ́. Ẹ kó o ní abala abala, kí ẹ máa wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹ ti ń lọ, torí ó lè jẹ́ pé ìpìlẹ̀ kò jinlẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe èyí, kì í ṣe nínú òjò. Kí ilẹ̀ tó kù dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ilé.

Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ tó ṣí táìsì àti pílásítà yàrá ẹ̀yìn, ẹ ṣí i kọjá ibi tó bàjẹ́ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì tó le rẹ́ ẹ padà. Amọ̀ tó kúnná pẹ̀lú ẹfun díẹ̀ ni kí ẹ fi rẹ́ ẹ, ọ̀dà tó sì jẹ́ kí ògiri mí ni kí ẹ kùn ún, kì í ṣe ọ̀dà dídán.

Kápẹ́ńtà_Láfẹ́nwá

Ẹ dákun, mo ti ń kà á bọ̀ látòkè, ẹnikẹ́ni ò sì tíì dárúkọ igi. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, ilẹ̀ òkè rẹ̀ á jẹ́ pákó tí wọ́n tẹ́ sórí igi, orí àwọn igi yẹn sì wọ inú ògiri. Èyí tó wọ inú ògiri ẹ̀yìn àti èyí tó wà lábẹ́ páànù tó jò, àwọn ni kí ẹ lọ wò. Igi tí omi inú rẹ̀ bá ti ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ikán sì fẹ́ràn ibi tó tutù, ojú ọ̀nà amọ̀ tí wọ́n ń là lára ògiri ni kí ẹ wá. Ẹ fi ọ̀bẹ gún orí igi kọ̀ọ̀kan níbi tó ti kan ògiri. Ẹ tún gún ìsàlẹ̀ férémù ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Pípààrọ̀ igi ilẹ̀ òkè wọ́n ju gọ́tà lọ, ẹ má fi ṣeré.

Ẹ sì wo sókẹ́ẹ̀tì iná tó wà lára ògiri tó rin. Bí ó bá ti dípẹtà, ẹ pa iná yàrá yẹn látibi mítà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ògiri.

Lọ́yà_Òkè_Ìlèwó

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un níhà tèmi. Ẹni tó ń ra ilé, ojú ara rẹ̀ ni òfin fẹ́ kó fi wò ó. Bí ẹ bá ti sanwó tán, ó ṣòro kí ẹ padà wá bá wọn pé ògiri ń rin. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ rí sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi lélẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dúnàá-dúrà. Kí bíríkìlà, kápẹ́ńtà àti oníṣẹ́ páànù kọ iye iṣẹ́ wọn síwèé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iye yẹn ni kí ẹ bá onílé yọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì, gọ́tà tí Bàbá ní kí ẹ ṣe, ilẹ̀ ta ni omi rẹ̀ máa gbà jáde? Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ aládùúgbò, ẹ bá a sọ ọ́ nísinsìnyí, kí ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá gbà, kò sí iṣẹ́ tí bíríkìlà lè ṣe sí ilé yẹn tó máa pẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ilé bàbá bàbá wọn ni ẹ sọ. Ilé ẹbí nìyẹn. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí àwọn yòókù bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò dúró rárá. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí wọn, wọ́n lè lọ sílé ẹjọ́ kí ó dà á rú.

Tíṣà_Ọbáńtokò

Ẹ ṣé púpọ̀, gbogbo yín. Olúwa á bá wa tọ́jú ilé gbogbo yín náà.

Mo ti bá ìyá tó ni ilé tó wà nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní gọ́tà ti wà níbẹ̀ nígbà èwe wọn, erùpẹ̀ ló bò ó, wọ́n sì fi ibi tó gbà hàn mí. Wọn ò kọ̀ kí á tún un là. Olórí ẹbí máa wà níbẹ̀ ní Sátidé, Lọ́yà náà á bá mi lọ. Mo ti ní kápẹ́ńtà kan tó máa gún orí igi òkè. Bí igi bá ṣì dára, màá bá wọn ná an, iye iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé àti ti òrùlé ni mo sì máa ní kí wọ́n yọ. Bí igi ẹ̀yìn bá ti jẹrà, mo ti pinnu iye tí mi ò ní kọjá.

Ìbéèrè kan ló kù. Bàbá, lẹ́yìn tí a bá kó erùpẹ̀ kúrò, ó tó ìgbà wo kí n tó lè rẹ́ ògiri yàrá ẹ̀yìn? Àbúrò mi fẹ́ kó síbẹ̀ kí Ọdún Tuntun tó dé.

Bíríkìlà_Àgbà

Kó má kó síbẹ̀ o, Tíṣà. Yàrá iwájú ni kó gbé ná. Àwa oníṣẹ́ máa ń ka oṣù kan fún íńṣì kan lára ògiri tí omi ti wọ̀, tiyín sì nípọn. Ọyẹ́ á bá yín yára díẹ̀, bí ẹ bá ṣí pílásítà nínú àti níta kí afẹ́fẹ́ lè gba ojú méjèèjì, tí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí. Ẹ má tan iná èédú níbẹ̀ láti fi mú un gbẹ, amọ̀ á là. Kí òjò ọdún tó ń bọ̀ rọ̀ lé e lórí ná, kí ẹ rí i pé gọ́tà ń gbé omi lọ, tí ọ̀rá tí ẹ bá tún lẹ kò rin lábẹ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ pè mí wá rẹ́ ẹ.